Obìnrin Aláìlọ́wọ́ Tó Wà Lára Ògiri Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn epo jẹnẹrétọ̀ mi máa ń gba gbogbo òpópó wa ní Gagi nílùú Sókótó, tí ẹni tó bá ń wá ọmọkùnrin rẹ̀ á kàn tọ òórùn náà wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé géèmù dé àdúgbò yẹn, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín. Ìwé mẹ́rin ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó sá kúrò níléèwé, àmọ́ àwọn ọmọ yunifásítì Sókótó ló máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, tí wọ́n ń dúró de páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Òfin ṣọ́ọ̀bù mi ò le rárá: ẹni tí wọ́n bá nà nínú géèmù á dìde fún ẹlòmíì. Èmi kì í sábà dìde.

Géèmù ìjà ló ń tà jù. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí iná, tó máa ń na àwọn ọkùnrin ibẹ̀ títí wọ́n á fi sùn sílẹ̀, òun sì ni gbogbo wọn fẹ́ràn láti fi jà. Ni mo bá pe ayàwòrán kan tó máa ń kun ọkọ̀ akẹ́rù, mo ní kó ya obìnrin náà sára ògiri iwájú bó ṣe wà lára páálí sídíì: ìkúùkù méjèèjì lókè, aṣọ ọrùn rẹ̀ ò sì tó èyí tí èèyàn fi ń nu àwo. Ọjà tà, ẹ má bi mí.

Baba onílé mi, Alhaji kan tó jẹ́ ọmọ ìlú, ń bọ̀ láti ibi ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wo ògiri, ó gbójú kúrò. Bayerabe ló máa ń pe èmi ọmọ Yorùbá. "Bayerabe, tí Jímọ̀ tó ń bọ̀ bá bá obìnrin yìí níhòòhò lára ilé mi, kó ẹrù ẹ."

Ẹlòmíì ì bá pa á rẹ́. Èmi kọ́ o. Mo ní kí ayàwòrán wọ hijaabu fún un. Ayàwòrán yẹn da ọ̀dà dúdú láti orí dé ilẹ̀, ó bo èjìká, ó bo ìkúùkù, ó wá ku ojú nìkan. Alhaji rí i, ó mi orí pé ó dáa. Mo ń rìn káàkiri àdúgbò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Àsìkò yẹn ni àgùnbánirọ̀ obìnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níléèwé tó wà nítòsí wa, dúró níwájú ògiri náà. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí mi. Mo máa ń yáni ní fíìmù pẹ̀lú, mo rò pé ìyẹn ló bá wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ obìnrin yìí dà?"

"Ó wà lábẹ́ hijaabu."

"Nígbà tó wà níhòòhò, ọwọ́ ẹ̀ wà níta."

"Alhaji ò fẹ́ ìhòòhò."

"Ta ló fẹ́ ẹ? Àmọ́ ẹ wò ó, sà. Nínú géèmù yín, tóbìnrin bá máa lágbára, àfi kó kọ́kọ́ bọ́ra sílẹ̀ kí ọkùnrin lè máa wò ó. Ó wá wọṣọ báyìí, ẹ gé e lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń wọ hijaabu, wọ́n ń pọnmi nínú ẹ̀, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀."

Kò mà dákẹ́ síbẹ̀. Ó bọ́ sórí àwọn fíìmù tí mò ń yáni, pé tóbìnrin inú wọn ò bá jẹ́ àjẹ́, á jẹ́ ẹni tó ń sunkún lẹ́sẹ̀ ọkọ. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ti dá géèmù dúró, wọ́n ń gbọ́. Inú bí mi, mo pè é bí àwọn Hausa ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin.

"Haba, Malama. Ta tiẹ̀ ni ọkọ ẹ?"

"Ẹ ò rí i," ló ní. "Ọwọ́ ni mo béèrè, ọkọ ni wọ́n fi dá mi lóhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbàárà mi, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ fáànù mi.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ló bá kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ wá. Ó tò wọ́n síwájú ògiri mi pẹ̀lú pẹ́ńsù àti bébà, ó ní kí kálukú tún obìnrin náà yà bó ṣe wù ú. Mo ní kó kó wọn lọ, ó ní títì ìjọba ni wọ́n dúró sí. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò Alhaji yọ. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ń yàwòrán níwájú ilé géèmù, àwọn ọkùnrin sì kún ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń wò wọ́n. Alhaji ò bi olùkọ́ léèrè ohunkóhun. Ó lé àwọn èèyàn mi jáde, ó fi àgádágodo tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn mi, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n mi, géèmù mi, jẹnẹrétọ̀ mi, gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Zaure rẹ̀ ni mo jókòó sí, yàrá ẹnu ọ̀nà tí ọkùnrin àlejò kì í kọjá nílé àwọn Hausa. Wọ́n ní Alhaji ò sí nílé, mo sì ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú. Mo padà lọ, mo tún padà lọ. Níjọ́ kan tí mo gbé fìlà lé orúnkún níbẹ̀, àgùnbánirọ̀ yẹn wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kí mi, ó sì kọjá lára mi lọ sínú ilé lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Obìnrin ni, ta ni yóò dá a dúró? Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìwọ̀nba Hausa tó gbọ́, mo ń gbọ́ tí ìyáálé ń bi í ní nǹkan, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ sílé. Mo ti sọ fún ìyáálé pé èmi ni mo kó àwọn ọmọ wá, pé ẹ̀yin tiẹ̀ ń lé wa ni. Wọ́n ní àwọn á bá Alhaji sọ ọ́."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mi ò lè máa wò kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù yín pa nítorí mi. Àmọ́ ohun tí mo sọ nípa ògiri yẹn, mi ò kó o jẹ o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaji fúnra rẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn. Ó ní àwọn ará ilé òun ò jẹ́ kóun jẹun lálàáfíà, ó sì ní kí n kun ògiri náà ní funfun. Mo kùn ún. Àgùnbánirọ̀ yẹn ń gba iwájú mi kọjá títí ó fi parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, ó ń kí mi, mo ń fọrùn dá a lóhùn.

Arkilla, ní Sókótó níbí náà, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí, fóònù ni mò ń tà, ó sì tóbi ju ti gbogbo àwọn tó yí mi ká lọ. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọbìnrin tó wá rajà máa ń jiyàn nípa irú obìnrin tí wọ́n ń fi hàn nínú géèmù àti fíìmù, wọ́n sì ń fọ gírámà sí i bí ẹni pé àwọn ló dá a sílẹ̀. Mo máa ń pòṣé. Èmi ti gbọ́ ọ ní Gagi kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Tí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí bí mo ṣe gba ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ padà, mo máa ń sọ pé mo jókòó sílé Alhaji títí ọ̀rọ̀ fi parí. Irọ́ kọ́. Mo jókòó. Àgùnbánirọ̀ yẹn ló wọlé, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ ibẹ̀ nítorí mi. Bóyá ì bá rọrùn fún mi láti gbójú fo ẹnu rẹ̀ tó mú, ká ní ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo yẹn.