Wọ́n mú Dúpẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi

Ọjọ́ tí ọmọ yìí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gan-an ni bàbá rẹ̀ mú un kúrò nílé-ìwé wa.

Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń kọ́ ní Kábà níbí. Láti ìgbà tí Dúpẹ́ ti dé, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn rí. Láàárọ̀ yìí, ó bu iyanrìn sínú agolo, ó gbé e fún mi.

"Àǹtí, ẹ jẹun."

Àṣé bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Okun o, Tíṣà," ó kí mi. "Ṣé iyanrìn lẹ fi ń kọ́ ọmọ mi?"

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ó ti sọ̀rọ̀! Eré yìí ló là á lóhùn."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń kọ ABD níbòmíràn."

Ó fà á lọ́wọ́ lọ. Dúpẹ́ ò tiẹ̀ sunkún. Ó kàn tún dákẹ́ ni.

Ọwọ́ mi ò tó o mọ́. Ẹ̀yin òbí, kí ni ǹ bá sọ?