Àyálégbé Bàbá Lìádì

Bí ẹnu bá kan Bàbá Lìádì olóògbé ní Lalupon, ọjọ́ tí wọ́n ka òfin oko fún oyin ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí. Bàbá gbé àpótí síwájú ilé oyin, wọ́n jókòó, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n ní: "Òfin kìíní, ẹ ò gbọdọ̀ jalè. Ìkejì, ẹ ò gbọdọ̀ bá ìyá ilé jà. Èmi gan-an kì í bá a jà." Kí wọ́n tó dé orí ẹ̀kẹta, oyin kan ta wọ́n létè. Ètè wú bí àkàrà. Bàbá yíjú sí Rùqáyyàh. "Ó parí. Wọ́n ti tẹ̀ka."

Rùqáyyàh ló fa ọ̀rọ̀ náà. Òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbin òdòdó sétí ọ̀nà oko, tí wọ́n ń bẹ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n yé sun oyin níná. Oyin wá lọ bà sórí igi máńgòrò ilé-ìwé, àwọn òbí sì ní ọjọ́ Jímọ̀ làwọn máa sun ún. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fún oyin láyè. Ó ku Bàbá Lìádì, ẹni tí í ná ata títí ata yóò fi rọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, etí oko ẹ̀gúsí yín nìkan la fẹ́."

"Ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ìgò oyin kan lọ́dún, sà."

"Méjì."

Odidi ọ̀sán ni wọ́n fi ná an kó tó dúró sórí ìgò kan àtààbọ̀. Rùqáyyàh ti ń dìde nígbà tí Bàbá tún ní: "Ta ni onígbọ̀wọ́ wọn? N kì í fún àtìpó nílẹ̀ láìsí onígbọ̀wọ́."

"Èmi ni, Bàbá."

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kó oyin wá.

Ẹ̀gúsí ọdún yẹn so débi pé kò síbi téèyàn máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Bàbá ní òfin táwọn kà ló ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí Àjàní, tóun náà ń dáko lórí ilẹ̀ wọn, gbé oògùn apakòkòrò jáde, Bàbá lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Àwọn àyálégbé mi ń jẹun. Padà wá nírọ̀lẹ́."

"Bàbá, kòkòrò mà ni wọ́n!"

"Ìwọ tó o wà lórí ilẹ̀ mi látọjọ́ yìí, ṣé mo fín ẹ?"

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Bàbá kú. Lẹ́yìn fidáù, ìròyìn kàn pé Mahfuz, àkọ́bí wọn tó ń gbé Ọlọ́runṣògo, fẹ́ ṣán gbogbo oko náà kó kọ́lé síbẹ̀. Rùqáyyàh wá rántí pé bí onílẹ̀ bá kú, àtìpó a lọ fara han àrólé. Ó gbé ìgò oyin méjì lọ bá Mahfuz, ọ̀kan kún, ọ̀kan dé ìdajì.

"Kí lèyí?" Mahfuz béèrè.

"Ìṣákọ́lẹ̀ àwọn àyálégbé Bàbá ni, sà. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí àrólé."

Mahfuz rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgò ìdajì yẹn, ó tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá mi ló ná ìdajì yìí?"

"Odidi ọ̀sán kan, sà."

Mahfuz tún fìlà ṣe, bí Bàbá ti í ṣe é gẹ́lẹ́.

"Ta ni onígbọ̀wọ́ wọn?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Rùqáyyàh, kí omijé tó dé. Àárò Bàbá sọ ọ́ gan-an.

"Èmi náà ni, sà."