Omi Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo wọ Ọ̀wọ̀ láti Imeri, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, kí n lè bá ìyá mi ṣe ọdún Àjíǹde. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ láti èṣí, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀ mí sí lórí fóònù ni pé kí àlùfáà gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wá bá òun nílé. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn, ó sì ń dùn ún dé ọkàn.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo wọ aṣọ funfun fún un, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. A retí àlùfáà tí mo ti ránṣẹ́ sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì tí ìjọ ń lọ sí Gálílì, àríyá ọjọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n kọrin kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá mi ní kí n ṣílẹ̀kùn gbayawu. Kò sẹ́ni tó yà. Àwọn kan tiẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Inú bí mi. Ibi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ni mo ti lọ ká àlùfáà mọ́, mo bi í pé kí ló dé.

Ó rọra fà mí sẹ́yìn. “Ẹ má bínú, tíṣà. Ṣé ẹ ò gbọ́ pé màmá ti gba ẹ̀sìn mìíràn ni? Àwọn ará ìjọ rí wọn. Ìyá mùsùlùmí tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló ń bá wọn ṣe àlùwàlá láràárọ̀.”

Ìyá mi, tó ti wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá kí wọ́n tó bí àlùfáà náà! Lóòótọ́ ni ìyá aránṣọ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà ọmọge, máa ń gbé bútà wá lẹ́yìn ìrun àsùbá. Á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ojú àti ọwọ́ ìyá mi lórí pèpéle, á fọ ẹsẹ̀ tó kú náà, á máa na ọmọ ìka rẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà á gbàdúrà ní tirẹ̀, ìyá mi á ṣe àmín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlùwàlá wo ló tún wà níbẹ̀?

Mo ṣàlàyé títí. Àlùfáà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ìjọ ń wo òun. “Kí obìnrin yẹn ṣáà má wá mọ́. Bó bá ti dáwọ́ dúró, màá gbé Oúnjẹ Olúwa wá lọ́la.”

Mo fẹ́ bú u. Mo gbé e mì nítorí ìyá mi, mo sáré lọ jíṣẹ́. Mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé yóò ní kí n lọ sọ fún ọ̀rẹ́ òun kó má wá mọ́.

Ìyá mi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. “Ṣé àlùfáà ni yóò wá máa fọ ẹsẹ̀ mi?”

Mo ní ọ̀la ni àlùfáà fẹ́ gbé Oúnjẹ Olúwa wá.

“Sọ fún un pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.”

“Màámi, ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?”

“Mo ṣì fẹ́ ẹ.” Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Gbé àga mi sí pèpéle kó o tó sùn. Ọ̀rẹ́ mi kì í pẹ́ dé láàárọ̀.”