Èèkàn Tí Mo Sọ Di Ààlè

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rélùwéè lójú mi, inú mi kì í dùn. Ẹ máa sọ pé ìdàgbàsókè ni. Kò burú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ohun tí rélùwéè tí kò dé rárá ṣe nílé wa.

Abẹ́ Kúwárà la wà nígbà náà, ohunkóhun tí a bá sì fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀nà Ìlọrin la máa ń dojú kọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, mò ń retí ìwé ìgbanisíṣẹ́, nígbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ojú irin dé abúlé wa, tí kò jìnnà sí Ìyárà. Wọ́n ní irin náà yóò la ilẹ̀ wa kọjá, yóò sì máa lọ sókè níhà àríwá, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù pàápàá kì í fẹ́ dé. Ìnjínnìà wọn kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Èmi ni wọ́n mú ṣe ògbufọ̀, orí mi sì wú. Ọmọ ogún ọdún tó di ẹnu ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ kan, ta ni orí rẹ̀ kò ní wú?

Inú bàbá mi dùn ju tèmi lọ. Ó ti rí ọkọ̀ ojú irin rí ní Ọ̀fà, kò sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sinmi. Ó ní ọkọ̀ náà yóò máa gbé kọfí wa lọ sí ibi tí ojú àwa fúnra wa kò tó. Oko kọfí ló fi tọ́ wa, òun náà ló fi rán mi níwèé. Àárín oko yẹn gan-an ni wọ́n sì wọn ojú irin gbà. Wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n gbá a mọ́lẹ̀ láàárín kọfí àti nínú oko àwọn aládùúgbò tí irin yóò gbà kọjá, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè máa rí i lókèèrè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n pe gbogbo abúlé jọ sí abẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìnjínnìà na ìka sí igi kan tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irú igi bẹ́ẹ̀ títí àwọn yóò fi padà. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Èèkàn ló ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́ta nílẹ̀ wa mọ èèkàn, igi tí a ń gbá mọ́lẹ̀ láti so ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo bàtà ìnjínnìà tó ń dán, mo wo ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró, ojú sì tì mí láti fi orúkọ èèkàn ewúrẹ́ pe nǹkan ìjọba. Mo wá ọ̀rọ̀ ńlá lọ. Mo ní, "Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ibi tí a sàmì sí, títí àwọn yóò fi padà dé."

Ibi tí a sàmì sí! Pẹ̀lú aṣọ pupa! Ta ni kò mọ ààlè? Bí olóko bá so àkísà pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀, kì í ṣe àkísà ló ní kí o má fọwọ́ kàn. Ohun tó wà nínú oko ló ń sọ. Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní, "Tọ̀, a ti gbọ́." Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ó gbà pé ìjọba ti pa ààlè sí oko òun.

Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, a kò rí wọn. Òjò lọ, a kò rí wọn. Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ro etí oko díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọn ò sì rí ohun tó ṣe wọ́n, wọ́n wọ àárín. Bàbá mi nìkan ni kò wọ tirẹ̀. Ó tọrọ ilẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́ àna rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbin iṣu tí a ń jẹ. Kọfí pọ́n, ó já bọ́, ẹyẹ jẹ èyí tó wù ú, koríko gba ìyókù.

Wọ́n ti gbé mi lọ ṣe tíṣà ní Odò-Ẹrẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba ìsinmi wálé, ìjà ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro oko yín."

"Ẹnu rẹ li mo ti gbọ́ pé ká má fọwọ́ kàn án."

"Wọn ò padà wá mọ́!"

"Títí wọn yóò fi padà dé, bẹ́ẹ̀ lo wí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Agídí ni mo pè é, mo tilẹ̀ sọ fún ìyá mi pé ogbó ti ń dé sí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo wọkọ̀ ní Kàbà, ó di Ìlọrin. Wọ́n ń tì mí láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ rélùwéè di Èkó, ẹnìkan ní kí n lọ kọ lẹ́tà wá. Níkẹyìn, akọ̀wé àgbà kan tó ń jẹ ẹ̀pà gbójú sókè wò mí.

"Ta ló ní kí bàbá yín má ro oko? Èèkàn la ní kí wọ́n má fà tu."

Èèkàn. Ó là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nígbà tí mo délé kò ju kí n ní, "Bàbá, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ." N kò sọ ọ́. Tíṣà ni mí, àwọn èèyàn ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo purọ́ fún un pé ìjọba ti yí ọkàn padà, pé ó lè máa ro oko rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Tọ̀," ó ní. "Kí ẹni tó yí i padà wá sọ ọ́ níwájú gbogbo wa, níbi tí a ti gbọ́ ti àkọ́kọ́."

Inú bí mi. Mo di ẹrù mi, mo padà sí Odò-Ẹrẹ̀ láì jẹ oúnjẹ tí ìyá mi sè. Bí kọfí ọdún mìíràn ṣe ṣòfò nìyẹn, ìgbéraga mi ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló tú àṣírí mi. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti pe àwọn àgbẹ̀ síwájú, bàbá mi a gbé agbọ̀n kọfí lérí, a sì máa jó lọ. Lọ́dún náà, wọ́n pe àwọn àgbẹ̀, ó jókòó. Ẹnìkan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, rélùwéè li yóò gbé tirẹ̀ wá." Ẹ̀rín sọ. Òmíràn ní ẹ̀rù ààlè bà á ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni bàbá mi ń wò. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ẹ okun o, ẹ̀yin àgbà. Èmi li mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Èèkàn ni ìnjínnìà wí, irú èyí tí a fi ń so ewúrẹ́. Kò wí pé ká má ro oko. Ojú ló tì mí láti pè é ní èèkàn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín títí àwọn mìíràn fi di inú mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà Eléèkàn, àwọn tó kù láyé nínú wọn kò sì tíì dẹ́kun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti bàbá mi mú àdá, a lọ sóko. Koríko ga jù wá lọ. A wá èèkàn ìjọba, a kò rí ẹyọ kan. Ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀. Àkísà kan ṣoṣo la bá nílẹ̀, oòrùn ti bó o di funfun. Igi kọfí tó ṣì láyè kò ju méje lọ. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò mọ̀ pé èèkàn ló wí."

"Ta li kò mọ̀? Mo wà níbẹ̀. Mo rí ibi tó na ìka sí. Ṣé èmi li n kò mọ èèkàn?"

Mo pariwo mọ́ ọn, ọmọ tí a bí ire kì í pariwo mọ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n mo pariwo. Mo ní kí ló wá dé tí kò fi ro oko rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tó fi jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kú?

Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣán koríko nídìí kọfí àkọ́kọ́. Kò tilẹ̀ yíjú sí mi.

"Ìwọ lo sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú. Bí èmi bàbá rẹ pàápàá bá ro ó, wọn á ní ọmọ mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."