Omi Tí A Fi Po Ọ̀dà ní Igbókòdá

Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí. Òyìnbó kò tíì kó ẹrù wọn nílẹ̀ nígbà náà, ọdún yẹn sì ni wọ́n kọ́kọ́ da ọ̀dà sí títì tó jáde láti èbúté Igbókòdá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo ń kọ èyí sí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, ẹ má retí gbólóhùn ńláńlá.

Abẹ́ àtíbàbà kan létí omi la ti ń po ọ̀dà náà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti inú igbó, níbi tó ti ń sun jáde nínú ilẹ̀. Àwa ọkùnrin á yọ́ ọ lórí iná. Àwọn obìnrin á po ọṣẹ dúdú mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó máa da ọ̀dà sí i díẹ̀díẹ̀, àwọn á sì máa fi àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ rò ó láìdúró. Yóò yí padà di pupa rúsúrúsú bíi kòkó mímu, yóò máa ṣàn bí omi. Tí a bá fi agolo oníhò wọ́n ọn sórí òkúta, lójú wa báyìí ni yóò ti di dúdú. Kò sú mi í wò rí.

Èmi ni mo kọ ìwé orúkọ òṣìṣẹ́. Fóòmánù, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ wa, ló ní kí n kọ ọ́. Mo bi í pé, "Ṣé kí n kọ àwọn ìyá náà?"

"Àwọn yẹn? Wọ́n kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

Mo pa ìwé dé. Wọ́n ti ń pè mí ní akọ̀wé, ó sì dùn mọ́ mi débi pé n kò fẹ́ bá ẹni tó fún mi ní gègé jiyàn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, tí ọ̀dà bá jó o, ilé ìwòsàn ìjọba kò ní gbà á. Lẹ́yìn ìgbà náà, obìnrin kan láti Màhíntẹ́dó gbé ẹsẹ̀ jíjó lọ sílé bẹ́ẹ̀, kò sì padà wá. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá kan Ìyá Ràlíátù, olórí àwọn obìnrin náà. Ọ̀dà gbígbóná ta sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Fóòmánù ṣí ìwé, ó ní, "Orúkọ yín ò sí níbí."

Ìyá wo ìwé, ó wò mí. "Akọ̀wé, ẹja ta lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Tiyín ni, mà."

"Ẹnu rẹ mọ̀ mí, ọwọ́ rẹ ni kò mọ̀ mí."

Ni gbogbo wọn bá kó àjẹ̀ wọn, wọ́n wọnú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté, wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn kò ní po ohunkóhun títí orúkọ àwọn yóò fi wọ ìwé.

Àwa ọkùnrin kò bá wọn lọ. Òótọ́ ni mo ń kọ. Fóòmánù ní, "Ọṣẹ ṣáà ni, omi ṣáà ni," ó sì ní ká bu omi etí èbúté. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi òkun ti ń wọlé. Láàárọ̀ kùtù làwọn obìnrin máa ń tukọ̀ lọ sókè odò lọ pọn omi tó dùn. A rò pé òfófó ló ń gbé wọn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ti da ọ̀dà sí omi oníyọ̀ náà, ó dì gbagidi. Àjẹ̀ tiwa dúró ṣánṣán nínú àgbá, kò ṣubú.

Ohùn kan ta láti inú ọkọ̀: "Fóòmánù, ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà yẹn?"

"Ẹ bu tèmi kékeré o!"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Àgbá kejì tún dì. Àwa náà bá sọ àjẹ̀ sílẹ̀, a lọ bá wọn.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọkọ wa," ni Ìyá Ràlíátù wí. "Ọkọ̀ ń jò. Ẹ máa gbọ́n omi."

A gbọ́n ọn.

Nígbà tí òyìnbó ìnjíníà dé, fóòmánù ní àwọn obìnrin ló ba ọṣẹ jẹ́. Ìyá Ràlíátù fi ọwọ́ òsì bu omi etí èbúté sínú igbá, ó na án sí òyìnbó. Òyìnbó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ìyá wá yíjú sí mi.

"Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o. Àwa la mọ omi tó ń po ọ̀dà. Ọmọ tó dúró síbí yìí ló yọ wá sílẹ̀."

Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó èyí. Mo sọ ọ́ tán, mo fi kún un pé èmi ni ọmọ náà, mo sì sọ ẹni tó rán mi. Òyìnbó ní kí n kọ wọ́n síbẹ̀ lójú òun.

"Kí lorúkọ yín, mà?"

"Ìyá Ràlíátù."

"Orúkọ yín gan-an."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣàlámótù. Kọ ọ́ gàdàgbà."

Ọkọ̀ ìjọba gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A pín ọ̀dà tó dì, kálukú fi dí ibi tó ń jò lára ọkọ̀ rẹ̀. Orin ni wọ́n fi tukọ̀ lọ sílé.

Ohun tí a jà fún, a rí i gbà: láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń pe orúkọ wọn láàárọ̀ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ìka méjì lọ́wọ́ Ìyá Ràlíátù kò nà mọ́. Nínú ìwé náà, mo fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo fún obìnrin Màhíntẹ́dó yẹn. Mo ti tukọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i, nítorí n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ ọ́n, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ tèmi fún un. Ẹ kàn bá mi béèrè tirẹ̀.