Lẹ́tà Tí Morọ́lá Yà fún Ojú Ìyá Rẹ̀

Kò síṣẹ́ tó ń tán èèyàn lókun bí iṣẹ́ tí aráyé ò kà sí iṣẹ́. Lẹ́tà ni Morọ́lá ń yà. A, B, D tí gbogbo wa ń kà láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun ló ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè di lẹ́tà tuntun tí ẹnikẹ́ni lè fi tẹ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti ń kọ́ ọ. Láàárọ̀, á lọ di bisikíìtì sínú páálí ní iléeṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀. Lọ́sàn-án, kíláàsì. Bó bá fi máa gba Òṣòdì dé ilé wọn ní Mafoluku, ọrùn á ti gan, ojú á ti pọ́n. Àbúrò bàbá rẹ̀ bi í pé ṣé ABD tó ti wà nílẹ̀ kò tó ni. Ó ti rẹ Morọ́lá ju kó bá a jà lọ.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Tíṣà ni màmá náà, ọmọ Èkìtì, ọmọ tó kọ́ ní ìwé kíkà ní Ìsọlọ̀ kò lóǹkà. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó ní lẹ́tà ń rìn bí èèrà, ó bá kó gbogbo ìwé rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ó ní kó padà wá. Màmá ní ojú òun ti ń dáa, kò padà mọ́. Morọ́lá bá pinnu pé òun á ya lẹ́tà tí ìyá òun á lè kà: lẹ́tà tó sanra, tí àmì abẹ́ ẹ àti ọ rẹ̀ ò ní fara pamọ́. Áà, ọmọ yìí jìyà! Á yà á, á pa á rẹ́, á tún un yà. Nígbà mìíràn á gbórí lé tábìlì, á sunkún.

Ọ̀gbẹ́ni Àyànníyì, olùkọ́ wọn, ti kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ dorí ìwé kodò kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá ti ń ka ọ̀rọ̀, ẹ ò ní rí lẹ́tà mọ́." Ó ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí kálukú mú fídíò ẹni tó ya lẹ́tà fún wá, kí onítọ̀hún máa kà á. Láìsí fídíò, kò sí máàkì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Morọ́lá fi lẹ́tà tó yà tẹ ìtàn kékeré tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ níwèé nígbà tó wà ní kékeré. Ó dorí ìwé náà kodò, ó yẹ àlàfo àárín àwọn lẹ́tà wò, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oorun ń kùn ún. Bó ṣe mú un dání náà ló gbé e fún màmá, ó ní ìtàn àtijọ́ yẹn ni, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tan fídíò fóònù.

Màmá wọ awò, ó fìka lé ìwé. "Òjò dé. Ewúrẹ́ wọlé. Adìẹ wọlé. Ta ló kù síta? Èmi ni. Màmá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú Morọ́lá dùn dé bi pé ó fẹ́ pariwo. Ìgbà tó wojú fóònù ló rí i: gbogbo lẹ́tà tó yà ló dorí kodò.

"Mọ́mì, ìwé yẹn dorí kodò."

Ìka màmá dúró.

"Mo mọ bó ṣe ń rẹ̀ ọ́," màmá ní. "Torí tèmi lo ṣe ń ṣe é. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé mi ò rí i?"

"Ẹ ò rí i rárá?"

"Mo rí funfun. Mo rí dúdú díẹ̀."

Inú bí Morọ́lá sí ìyá rẹ̀, ó sì bí i sí ara rẹ̀ tó ń ya lẹ́tà nígbà tó yẹ kó ti fà á lọ sílé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé tóun bá gé ìwé náà kúrò nínú fídíò, Ọ̀gbẹ́ni Àyànníyì ò ní mọ̀. Ó pa fídíò náà rẹ́.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀dọ̀ dókítà ojú la ń lọ."

"Tíṣà rẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó dúró, Mọ́mì."

Màmá na ìwé náà sí i. "Ó dáa, ìwọ kà á fún mi."

Morọ́lá yí i padà. Ó ń sáré kà á kó lè tètè tán: "Òjò dé ewúrẹ́ wọlé adìẹ wọlé ta ló..."

Màmá fìka kan apá àga gbàgà, bó ṣe máa ń kan bọ́ọ̀dù láyé ọjọ́sí.

"Má sáré," ó ní. "Dúró níbi àmì."