Ọ̀wọ̀ Tó Gba Kíbọ́ọ̀dù Lọ́wọ́ Mi

Ẹni tó bá tún pè mí ní Mọ́mì nínú yàrá kọ̀ǹpútà á fimú dánrin lọ́wọ́ mi. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Bódìjà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ó ti pẹ́. Èyí ni máòsì, èyí ni kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ orúkọ yín kí n rí i. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Nígbà tó ku díẹ̀ ká gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó yí wa ká ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí èèyàn ń kọ fún kọ̀ǹpútà, àwọn òbí sì ti ń béèrè. Kí n lọ kọ́ ọ. Tá a bá wọlé padà, màá kọ́ àwọn ọmọ lójú àwọn àti òbí díẹ̀. Tó bá dáa, iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí ò bá dáa, wọ́n á wá ẹlòmíràn. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé báàgì mi sórí àga wọn.

Agbowó ni mo ti lọ kọ́ ọ, ojúkojú géètì yunifásítì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa kò ju àkọ́bí mi lọ, àwọn tó kù nínú kíláàsì ò sì tó o. Bí mo ṣe wọlé ni gbogbo wọn dìde. “Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì!” Tíṣà fúnra rẹ̀ fọwọ́ kanlẹ̀. Àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, èmi ni wọ́n gbé e fún. Inú mi dùn o. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà ní ọ̀nà méjì ló wà tí èèyàn lè gbà kọ kóòdù. Èyí àkọ́kọ́, títò-tẹ̀léra ni: wàá máa to àṣẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń júwe bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà. Gbé omi kaná, jẹ́ kó hó, dà á sínú abọ́, da gàrí lé e, rò ó. Bákan náà ni ti kóòdù: gba máàkì ọmọ yìí, gba tìyẹn, rò wọ́n pọ̀, pín in, gbé e jáde. Áà, ó yé mi yékéyéké! Mo fọwọ́ ara mi kọ ètò tó ń ṣírò máàkì, ó sì ṣiṣẹ́. Tó bá ṣàṣìṣe, màá fi ìka tẹ̀lé e látòkè, màá sì rí ibi tó ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ náà, inú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà sí Àkóbọ̀, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni tíṣà ní ìyẹn ti di ayé àtijọ́. Ọ̀nà kejì ni àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn èdè kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ títò-tẹ̀léra nìkan ni wọ́n mọ̀, àwọn kan sì wà tí ò ní jẹ́ kó o ṣe nǹkan kan láìkọ́kọ́ gé àwòṣe, bí aránṣọ ṣe ń gé pépà kó tó gé aṣọ. Kí ni ọmọ iléèwé ní? Ó lórúkọ, ó ní máàkì, ó lè ṣe ìdánwò. Lára àwòṣe kan yẹn ni wàá ti máa ṣe iye ọmọ tó o bá fẹ́, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti máàkì tiẹ̀; ọmọ kọ̀ọ̀kan yẹn ni wọ́n ń pè ní ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Ó dáa fún iṣẹ́ ńlá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mi ò mọ ibi tí mo máa fìka sí mọ́. Àṣẹ yìí wà níbí, èyí tó ń pè é wà lọ́hùn-ún, àwòṣe kan tún ń jogún lára òmíràn. Kí ló kàn mí pẹ̀lú ogún?

“Ṣé ó yé wa?” “Ó yé wa, sà!” Èmi náà á dáhùn. Ta ló fẹ́ jẹ́ ìyá tí ọ̀rọ̀ ò yé láàárín ọmọ kékeré?

Tí tíṣà bá wá ń yípo láti yẹ iṣẹ́ wò, ojú àwọn ọmọ yẹn máa ń rí màbo. “Kí lo kọ yìí? Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, tún un kọ!” Ọmọbìnrin kan sunkún níbẹ̀, kò sì jẹ́ kó jókòó títí tó fi rí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá kàn mí, ohùn rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì.” Á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á rọra gba kíbọ́ọ̀dù, á tẹ gbogbo rẹ̀ tán. Mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú. “Háà, Mọ́mì, kí n máa wò yín níran kẹ̀, kí ẹ máa jìyà?” Èmi òmùgọ̀ sì ń ṣàdúrà fún un. Wàá gòkè, ọmọ mi.

Nígbà tí ìsinmi ń parí lọ, mo sọ fún un pé títò-tẹ̀léra tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, torí ọmọdé ni wọ́n, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó ní àwọn òbí á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó tẹ odindi ètò ọlọ́bújẹ́ẹ̀tì fún mi, ó fi sínú fíláàṣì, ó ní kí n ṣáà ṣí i.

Ọjọ́ pé. Mo ṣí i, orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ jáde, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Bàbá ọmọ kan wá nawọ́ sókè látẹ̀yìn. “Ẹ ṣeun, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn tíṣà náà kún un ká rí i.” Nǹkan kékeré ni fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Mo tẹ nǹkan kan, lẹ́tà pupa jáde pé mo ti ṣìṣe. Mo tẹ òmíràn, pupa tún jáde. Ìyá oníléèwé béèrè, ohùn wọn ò tiẹ̀ le: “Ta ló bá yín kọ ọ́, ma?” Irọ́ wo ni mo fẹ́ pa? Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Agbowó yẹn ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà báyìí. Èmi, wọ́n ní kí n máa bójú tó wọn nídìí oúnjẹ ọ̀sán, kí n lè máa sinmi. Mò ń sinmi lóòótọ́. Mò ń nu ọbẹ̀ lára yúnífọ́ọ̀mù. Tó bá rí mi láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀, á gba báàgì lọ́wọ́ mi. “Ẹ má gbé nǹkan tó wúwo, Mọ́mì.” Kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ká ní ó kórìíra mi ni, mi ò bá ti ṣépè fún un kí n gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan mò ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì rẹ̀. Títò-tẹ̀léra ló kọ sára bọ́ọ̀dù, láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó ní ó ti di ayé àtijọ́. Ọmọ kan ò mọ ohun tó kàn mọ́, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá nawọ́ láti bá a tẹ̀ ẹ́. Tíṣà jágbe mọ́ ọn.

“Gbọ́wọ́ ẹ kúrò níbẹ̀! Tó o bá ń bá a tẹ̀ ẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?”

Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi lu aago oúnjẹ, mo wá lọ bu ìrẹsì fún àwọn ọmọ.